Ìrẹsì Inú Kọ̀ǹpútà Màmá Ojúọlá

Wọ́n ní inú kọ̀ǹpútà ni Màmá Ojúọlá fi ń kó ìrẹsì òkèèrè wọlé lọ́dún tí ìjọba ti ẹnubodè pa. Ní Àgọ́sásà, wọ́n ní kóńgò kan ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rìn dé Owódé, ó ti di ààbọ̀ àpò. Nígbà tó fi máa wọ Ìpókíá, wọ́n ní kọ̀ǹpútà yẹn gan-an kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní káfíńtà kan ní Kútọnu ló bá Màmá kan àpótí náà, tó sì lẹ bọ́tìnì mọ́ ọn lára kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Wọ́n ní téèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì tó yẹ báyìí, ìrẹsì á bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú abọ́, kò sì ní dúró títí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á fi sọ pé ó tó.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó lè pa irọ́ yìí lẹ́nu mọ́: Mẹ̀dínátù, tísà kékeré tó ń bá Màmá Ojúọlá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìrẹsì jáde látinú kọ̀ǹpútà. Àwọn èèyàn á dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Tísà, ìwọ lo wà níbẹ̀, irú ìrẹsì wo ni?" Mẹ̀dínátù á máa wo ilẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń bo àṣírí. Ó di ojú lọ́jọ́ náà ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Òjò ńlá kan rọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, páànù orí kíláàsì jò, omi sì dà sórí kọ̀ǹpútà tó wà láàárín. Mẹ́ta péré ni gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwé náà. Àwọn ọmọ ìjọ kan tó ń gbé l'Ékòó ló fi wọ́n ta ilé ìwé lọ́rẹ. Tó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni, wọn ì bá sá a sí oòrùn, kí wọ́n sì máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àlejò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Alàmísì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ẹnubodè, tí wọn ò sì jẹ́ kí àwọn ilé epo tó sún mọ́ ẹnubodè ta bẹntiróòlù mọ́, jẹnẹrétọ̀ ilé ìwé ti dákẹ́. Àwọn kan wá ń wí pé kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe níbi tí kò síná, ṣe ni kí wọ́n kó o lọ síbi tí wọ́n á ti lò ó. Àlejò yẹn ló ń bọ̀ wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun Mẹ̀dínátù mọ́. Bàbá rẹ̀, Àúdù, tó máa ń ti Kútọnu kó aṣọ ọ̀kírìkà wá tà, ti jókòó sílé láti ìgbà tí wọ́n ti ti ibodè. Owó oṣù Mẹ̀dínátù ni gbogbo ilé ń wò. Torí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ṣe gbà á síṣẹ́. Tí kọ̀ǹpútà bá lọ, kí ni wọ́n fẹ́ kó dúró máa ṣe?

Màmá Ojúọlá ní tirẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà tútù náà lé orí, ó di ilé.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Nígbà tí fóònù rẹ já sínú omi, kí lo ṣe é?"

"Mo tì í bọ inú ìrẹsì."

"Ṣé ó ń dún báyìí àbí kò dún?"

"Ó ń dún, Màmá."

"Kí lo wá ń bi mí sí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ fún Sàláúdéènì, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìlaró, inú àpò ni kọ̀ǹpútà náà wà, àpò náà sì kún dẹ́nu. Màmá ti tú àpótí rẹ̀, ó da ìrẹsì sínú rẹ̀, ó tún fi ìrẹsì yí i ká bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Èdè Faransé gbàgàdà ni wọ́n kọ sára àpò yẹn. Mẹ̀dínátù rí Faransé, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò wo inú àpò. Ó gbà pé ohun tí òun ò bá rí, òun ò ní lè jẹ́rìí sí i.

Níbi tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti máa ń dá ọkọ̀ dúró kí wọ́n tó wọ Owódé, ọ̀dọ́kùnrin aṣọ́bodè kan tó ń jẹ́ Gideon ló jáde sí takisí wọn. Ó mọ Màmá Ojúọlá dáadáa. Gbogbo wọn níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo wá bá wọn láti béèrè bóyá wọ́n ti ṣí ibodè.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá Oníkẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì yín dà lónìí?"

"Ó ń sinmi. Ẹ ò tíì ṣí i?"

"A ò tíì ṣí i, Màmá. Kí ló wà nínú àpò tó wà ní búùtù yẹn?"

"Kọ̀ǹpútà."

"Nínú àpò ìrẹsì?"

"Nínú ìrẹsì gan-an. Omi ló mu, mo ní kó gbẹ."

Gideon kọjú sí búùtù. Awakọ̀ ń wo iwájú bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni tan láyé. Mẹ̀dínátù fa híjáàbù bojú, ó di ojú pinpin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo àdúrà tó mọ̀, títí kan èyí tí wọ́n ń kà kí wọ́n tó jẹun.

Nínú òkùnkùn híjáàbù yẹn, ó gbọ́ tí búùtù ṣí. Ó gbọ́ tí wọ́n tú okùn. Ó gbọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sókè tí wọ́n mì í, ó ń dún ṣàrà-ṣàrà, ìrẹsì sì dà sílẹ̀ yàà. Àwọn ọlọ́kadà tó tò sẹ́yìn lọ́ọ̀ọ́kán figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà: "Yéè! Inú kọ̀ǹpútà!"

"Ọ̀gá," Gideon ké, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Bàtà ńlá kan rìn wá, kò kánjú. Mẹ̀dínátù wá gbọ́ kàù, bí ìgbà tí èèyàn bá fi eyín dán hóró ìrẹsì kan wò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín kékeré; ó fara ti takisí rẹ́rìn-ín débi pé takisí ń mì. Létí Mẹ̀dínátù, ẹ̀rín ẹni tó ti mú ọ̀daràn ni.

"Màmá," ọ̀gá náà wí nígbà tí ohùn rẹ̀ padà wá, "ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bu díẹ̀ sílẹ̀ fún wa nínú ìrẹsì yìí, ẹ jọ̀wọ́."

"Mi ò ní bù. Oògùn aláìsàn ni."

Nígbà tí Mẹ̀dínátù fi máa lajú, wọ́n ti di àpò padà, Owódé ti ń sún mọ́lé. "Màmá, kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

"Àbí o ò sí níbẹ̀ ni?" Màmá Ojúọlá tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Lọ́jọ́ mìíràn, máa lajú."

Ní Ìlaró, Mẹ̀dínátù ò wọ ṣọ́ọ̀bù Sàláúdéènì. Ìta ló dúró sí, ó ń ṣọ́ ọ̀nà bóyá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù yóò tún inú rò. Nígbà tó yá, Màmá jáde, inú rẹ̀ dùn. "Ó ti tàn! Ó ní ẹ̀rù ló bà á, pé ká máa gbá a létí pẹ́lẹ́ kó tó jí. Ó tún ní hóró díẹ̀ há síbi tí ọwọ́ òun ò dé, pé kò ní dí i lọ́wọ́."

"Ìrẹsì tó kù ńkọ́, Màmá?"

"Mo máa sè é lálẹ́. Ṣé wàá wá jẹ níbẹ̀?"

"Rárá o!" Mẹ̀dínátù ò fẹ́ kí wọ́n wá bá ẹ̀rí nínú ikùn òun.

Kí wọ́n tó padà dé Àgọ́sásà, ìròyìn ti ṣáájú wọn dé. Mẹ̀dínátù bẹ̀bẹ̀ títí. "Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn pé ẹ kì í ṣe onífàyàwọ́."

"Ká sọ fún wọn, kí wọ́n jókòó sílé? Àwọn òbí tí kò ya ilé ìwé rí láti ìgbà tí wọ́n ti mú ọmọ wọn wá, gbogbo wọn ló máa wá wo kọ̀ǹpútà tó ń bi ìrẹsì. Tí wọ́n bá ti dé, wọ́n á bá ọmọ wọn nídìí rẹ̀. Má bà á jẹ́ fún mi."

Bó ṣe rí nìyẹn. Obìnrin náà ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó máa ń wé gèlè bí ẹni tó fẹ́ lọ pe èèyàn lẹ́jọ́, ó sì gbà pé kò sí ohun tí a kì í ná. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ márùn-ún ni yóò gbà fún ibà, ó ná an dé mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ní kò sí ìgbà tí wọ́n máa ṣí ibodè, ó bi wọ́n pé ṣé wọn ò lè ṣí i díẹ̀.

Òun ló sì sọ kọ̀ǹpútà di oko. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn kọ̀ǹpútà yẹn dé, ìjà ńlá ló ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìtẹ́olúwakìíṣí, orúkọ náà sì rò ó: tó bá ti jókòó, kò ṣí mọ́. Ó gbá máòsì mú, Husain gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, Purity gbá Husain mú, kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn wálẹ̀. Mẹ̀dínátù ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Màmá Ojúọlá fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"Bàbá ta ló ń ṣe àáró níbí?"

Ọwọ́ nà sókè káàkiri.

"Husain, ṣàlàyé fún Tísà Mẹ̀dínátù. Ọmọ oníṣòwò ni, kò mọ̀."

Husain tú máòsì sílẹ̀. "Tí gbogbo wọn bá lọ sí oko bàbá mi lónìí, wọ́n á lọ sí ti bàbá Purity lọ́la."

"Tí wọ́n bá ti ṣe ti bàbá rẹ tán ńkọ́, ṣé ó lè lọ sílé?"

"Kò lè lọ, Màmá. Àfi tí ti gbogbo wọn bá tán."

"Ta ló ń bọ́ wọn?"

"Olóko ni."

"Ó parí," Màmá wí. "Oko mẹ́ta la ní. Ẹni tó bá jókòó ni olóko. Ẹ̀yin tó kù, àáró ni ẹ wá ṣe: ẹ káwọ́ sẹ́yìn, ẹnu nìkan ni kí ẹ fi ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan oko olóko, màá lé e lóko."

Láti ọjọ́ náà, téèyàn bá gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì yẹn kọjá, á rò pé ọjọ́ ọjà ni. "Wá sókè! Kì í ṣe èyí yẹn! Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì!" Ọmọ tó mọ̀ ọ́n ò lè fọwọ́ kàn án, ó di dandan kó wá ọ̀rọ̀ tí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n á fi gbọ́. Ibẹ̀ ni Husain, tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ìyá rẹ̀ wá fẹjọ́ sùn pé ọmọ òun ti ń júwe fún òun bí wọ́n ṣe ń ro ọbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn.

Oúnjẹ olóko nìkan ló fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ọmọ tí oko bá kàn máa ń gbé nǹkan dání fún àwọn aláàáró rẹ̀: ẹ̀pà, kókóró, àgbàdo sísun. Kò pẹ́ tí lẹ́tà A kò fi wọlẹ̀ mọ́ lára kíbọọ̀dù kan, èèpo ẹ̀pà ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Mẹ̀dínátù gbé kíbọọ̀dù sókè, èèrà tò jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó kígbe.

"Má pariwo," Màmá Ojúọlá wí, "àwọn náà ń ṣe àáró."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jẹun lábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́yìn iṣẹ́.

Nígbà tí bẹntiróòlù wọ́n, tó di pé iná ìjọba nìkan ni ìrètí, Màmá ya kíbọọ̀dù sára páálí, ó pín in fún wọn. Orí páálí ni wọ́n ń tẹ̀, tí àwọn aláàáró sì dúró sẹ́yìn tí wọ́n ń ké pé, "O ti ṣì í!" Tí iná bá wá dé, gbogbo kíláàsì á hó, "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!" Wọ́n á sáré bo oko. Iná ì báà má lò ju kí èèyàn mu ẹ̀kọ lọ, wọ́n á ti ṣe nǹkan.

Ṣùgbọ́n ṣé àlejò Abẹ́òkúta á gbọ́ irú èyí? Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Mẹ̀dínátù fi ń bi ara rẹ̀. Ó lá àlá pé wọ́n kó kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì kó òun náà mọ́ ọn.

Ọjọ́ Alàmísì pé. Kò síná láàárọ̀. Kò síná nígbà tí wọ́n kọ orin òwúrọ̀ tán. Àlejò náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé, sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó de táì, ó ní ojú àánú, èyí tó tún wá ń dẹ́rù ba Mẹ̀dínátù jù, nítorí ojú tí dókítà máa ń lò nìyẹn kó tó sọ ohun tó ṣe èèyàn.

Ó wọ kíláàsì. Ó bá ojú kọ̀ǹpútà mẹ́ta ní dúdú, ó bá àwọn ọmọ tí wọ́n ń tẹ páálí tagbáratagbára, ó bá àwọn mìíràn tí wọ́n káwọ́ sẹ́yìn tí wọ́n ń bá wọn jà lẹ́nu.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń ṣe àáró, sà," Màmá Ojúọlá dáhùn.

"Lórí páálí?"

"Páálí kì í mu bẹntiróòlù, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé rọra húkọ́. "Màmá, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mo wá bá yín jà. Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ ohun tó máa ṣe fún ní gbogbo ìgbà, lọ́jọ́ tó bá dá wà, kí ló máa ṣe? Ìdánwò kì í ṣe àáró."

Ìbéèrè yẹn gan-an ló ti ń jẹ Mẹ̀dínátù lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wo ojú Màmá. Màmá Ojúọlá, tí kò sí ohun tí kì í ná, di etí ìró rẹ̀ mú, ó ń yí i mọ́ ìka.

Bí wọ́n ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni iná dé. Kò sẹ́ni tó hó. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ náà.

"Ó dáa," Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé wí, "kí ẹnì kan jókòó. Kí gbogbo àwọn tó kù bọ́ síta." Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí Ìtẹ́olúwakìíṣí. Kọ̀ǹpútà tó sì tọ́ka sí fún un, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó wẹ ìrẹsì ni. Àwọn ọmọ ti ń pè é ní Ìyá Onírẹsì.

Ìtẹ́olúwakìíṣí jókòó. Ó tẹ bọ́tìnì, ó gbá Ìyá Onírẹsì létí pẹ́lẹ́. "Dúsúmọ́ọ̀," ó wí fún un, bí àwọn ará Kútọnu ṣe máa ń sọ pé jẹ́jẹ́. Ìyá Onírẹsì jí. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé ní kó kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ilé ìwé rẹ̀, àti nǹkan díẹ̀ nípa iṣẹ́ bàbá rẹ̀, kó sì tọ́jú u pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó kù wà lójú fèrèsé, gbogbo wọn káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n pa ẹnu mọ́ débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú.

Mẹ̀dínátù ń wo ẹ̀yìn ọmọ náà. Ó ń tẹ̀. Ó dúró. Ó tún tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó káwọ́ lé itan, kò ṣe nǹkan kan mọ́. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọ náà ń sunkún.

Ó parí, Mẹ̀dínátù wí nínú ara rẹ̀. Ó ti rí ọkọ̀ akẹ́rù yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kí ló dé? Ibo ló ti há ọ?"

"Kò há mi, sà. Mo ti ṣe é tán."

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: orúkọ, ilé ìwé, bàbá àti oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó sì ti tọ́jú u pamọ́. Ó tún un wò. "O ti gbà á tán nìyẹn. Dìde, máa lọ. Kí lo ń sunkún sí?"

"Mi ò lè lọ, sà." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Àwọn yòókù ò tíì ṣe tiwọn. Ẹ sì ní kí wọ́n bọ́ síta. Mi ò rí ẹni tí mo máa ràn lọ́wọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé nàró. Ó wo fèrèsé, ó rí gbogbo àwọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú yẹn.

"Ẹ ṣá máa bọ̀," ó wí.

Wọ́n ya wọlé bí omi. Purity jókòó, Husain jókòó, olúkúlùkù ṣe tirẹ̀, Ìtẹ́olúwakìíṣí sì dúró sẹ́yìn wọn, omijé ti gbẹ, ó ń ké, "Wá sísàlẹ̀! Dúsúmọ́ọ̀!" Nígbà tí gbogbo wọn ṣe tán, kò sẹ́ni tó jáde. Ṣe ni wọ́n yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé.

"Kí ló kù?"

"Ẹ̀yin ni, sà," Husain wí. "Ẹ̀yin lẹ ò tíì ṣe."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó sídìí Ìyá Onírẹsì. Bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, kò jí.

"Ẹ gbá a létí, sà!"

"Kí n gbá kọ̀ǹpútà létí?"

"Pẹ́lẹ́, sà! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn, ìyẹn ti le jù! Ẹ bẹ̀ ẹ́!"

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé, pẹ̀lú táì lọ́rùn, gbá kọ̀ǹpútà létí, ó ní, "Dúsúmọ́ọ̀." Ó jí. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó tọ́jú u pamọ́, ó dìde, ó nu òógùn. Àwọn ọmọ ò kúrò lọ́nà.

"Màmá, kí ni wọ́n tún ń dúró dè?"

"Oúnjẹ ni, sà," Màmá Ojúọlá wí. "Ẹ̀yin lẹ ṣe oko kẹ́yìn."

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé ra àkàrà oníyẹ̀fun tó wà ní iwájú ilé ìwé tán nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Màmá Ojúọlá ló bá a ná an.

Síbẹ̀, ọkùnrin náà kò sọ ohun tó máa ṣe kó tó lọ. Mẹ̀dínátù tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀. Bí mọ́tò bá dún, á yọjú. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gba ìsinmi Kérésì kí ọ̀gá ilé ìwé tó pe àwọn méjèèjì, ó ní Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé pe òun lórí fóònù. Ó ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ níbi tó wà. Ó ní òun ti rí ibi tí iná wà tí kọ̀ǹpútà ń sùn. Ibi tí kò síná tí kọ̀ǹpútà ò rójú sùn, Àgọ́sásà nìkan ni òun ti rí i.

Mẹ̀dínátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá Ojúọlá wò ó. "Ìwọ náà, ebi ń pa ọ́. Mo ní ìrẹsì nílé."

"Rárá o, Màmá!"

Nígbà tí wọ́n ṣí ibodè níkẹyìn, Màmá Ojúọlá gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ bá àwọn Gideon bí ìṣe rẹ̀. "Ẹ ti wá ṣí i?" "A ti ṣí i, Màmá. Ẹ lè ra epo yín." "Mi ò ra nǹkan kan," ó wí. "Mo kàn wá kí yín ni. Ó ti mọ́ mi lára."

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tó fi ṣàìsàn. Àìsàn náà ò gùn. Ó ṣì ń bá dókítà ná iye ọjọ́ tó máa lò ní ọsibítù, dókítà ò sì gbà. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, Gideon wọ aṣọ ilé wá láti Owódé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan dání. Àwọn èèyàn rí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, wọn ò sì mọ èyí tí wọ́n máa dá dúró. Kẹ́ẹ̀gì náà kún. Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì karùn-ún, ó gbé e ti jẹnẹrétọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ìyá Onírẹsì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò sì lé àwọn ọmọ lọ sílé.

Mẹ̀dínátù ló ni kíláàsì náà báyìí. Ó ti ń wé gèlè sórí híjáàbù nígbà mìíràn, bí ẹni tó fẹ́ lọ pe èèyàn lẹ́jọ́. Àwọn èèyàn ò sì yéé bi í: "Tísà, irú ìrẹsì wo ni?" Ó ti kọ́ láti máa rẹ́rìn-ín, kó máa kọjá lọ. Ṣùgbọ́n tó bá dá wà, ó máa ń dùn ún pé òun ò lajú lọ́jọ́ yẹn, pé òun ò sì jẹ nínú oúnjẹ tí Màmá fi lọ̀ òun títí.

Lẹ́yìn ìsinmi tó kọjá, Ìyá Onírẹsì kọ̀, kò jí. Wọ́n gbá a létí, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní dúsúmọ́ọ̀. Kò gbọ́. Mẹ̀dínátù bá mú irin tí wọ́n fi ń tú kọ̀ǹpútà, ó jókòó gẹ́gẹ́ bí olóko, àwọn ọmọ tuntun káwọ́ sẹ́yìn yí i ká. "Ẹ tú ti apá ọ̀tún, Tísà! Ẹ rọra!" Ó tú àpótí náà. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku, ó yẹ ìsàlẹ̀ wò, níbi tí ọwọ́ Sàláúdéènì ò dé.

Hóró kan há síbẹ̀. Ó fi orí abẹ́rẹ́ yọ ọ́, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ya ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ gbooro, ó sì wò ó dáadáa lójú fèrèsé.

Ó kúrú, ó pọ́n lára. Ìrẹsì ọ̀fadà ni.